Àpò tí Ọdẹ́jìnmí Gbé Kọ́ sí Igbó

Ẹ sún mọ́hìn-ín, ẹ̀yin ará ilé mi. Ẹni tó fẹ́ wúkọ́, kó wúkọ́ rẹ̀ tán. Ẹni tó fẹ́ mu omi, kó lọ mu ún nísinsìnyí, nítorí bí mo bá ti ki ẹnu bọ ìtàn yìí, n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ mọ̀ mí dáadáa. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú títí tí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ gbójú kúrò. Ìwọ Àlàó, má rẹ́rìn-ín, ìwọ tí ọ̀kẹ́rẹ́ bú mọ́ tí o ju ìbọn sílẹ̀ sá lọ! Mo ti sọ ìtàn akin fún yín rí. Ti òní yìí, ẹ̀rù ló máa ń bà mí bí mo bá ń sọ ọ́, ojú kò sì tì mí láti wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa Bẹ̀nẹ̀ ṣe rí. Ó gùn, kò fẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó ki ẹsẹ̀ bọ òkun, tó wá na ọrùn sókè títí ẹnu rẹ̀ fi kan Odò Ọya. Lápá ìsàlẹ̀ ni ọ̀sà àti igbó ọ̀pẹ wà. Lápá òkè ni oko òwú, oko bàbà àti agbo màlúù wà, pẹ̀lú àwọn òkè Àtàkórà tó ga ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní àárín, níbi tí ènìyàn ti ń so ìgbànú, ni Ṣábẹ tiwa wà, láàrin àwọn àpáta ńláńlá tí gbogbo yín ti gùn nígbà èwe. Ibẹ̀ ni Ọdẹ́jìnmí gbé, nígbà ayé àwọn baba ńlá wa.

Ọdẹ ni bàbá tó bí Ọdẹ́jìnmí. Kí ó tó kú, ó gé awọ ẹtu kan sí méjì, ó fi rán àpò ọdẹ méjì, ó fún Ọdẹ́rìndé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ní ọ̀kan, ó fún Ọdẹ́jìnmí tó jẹ́ àbúrò ní ọ̀kan. Ó gbẹ́ fèrè kan sínú àpò kọ̀ọ̀kan. Ó sì kọ́ àwọn méjèèjì bí wọn yóò ṣe máa fọn ọ́n kí wọ́n lè máa rí ara wọn nínú igbó: ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú. Kò sí ọdẹ mìíràn ní Ṣábẹ tó ń fọn fèrè báyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ọdún kan, Ọdẹ́rìndé gbéra lọ ṣọdẹ lápá òkè. Ọyẹ́ kọjá, òjò rọ̀ ó dá, ọyẹ́ mìíràn dé, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀. Ìgbà tó yá, àwọn àgbà ọdẹ pe ara wọn jọ. Wọ́n ní ó ti kú, wọ́n ní kí àwọn ṣe ìṣípà fún un kíákíá kí igbó má baà bàjẹ́ mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ lè má tíì rí ìṣípà rí. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé ohun èlò rẹ̀ lọ sínú igbó, wọ́n á gbé e kọ́ sórí igi mẹ́ta tí wọ́n fi orí ti ara wọn, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé fún un, wọ́n á sì sọ fún olóhun náà pé ó ti yà kúrò lára àwọn, kó má bá àwọn jẹ mọ́, kó má bá àwọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ti kó gbogbo ohun èlò rẹ̀ lọ. Fìlà kan ṣoṣo ló kù nílé, ìyá wọn, Àbẹ̀ní, sì jókòó lé e lórí.

"Ẹ ò rí òkú, ẹ wá ń wá ohun tí ẹ ó sin," ìyá náà wí. "Ẹ jáde nínú ilé mi."

Olúọdẹ yíjú sí Ọdẹ́jìnmí. "Ṣé ọwọ́ òfo la ó gbé lọ sígbó? Ṣé ìwọ náà ò lè bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ni?"

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí Ọdẹ́jìnmí jẹ́ fún yín: ó lè kojú ẹkùn, kò lè kojú ẹ̀rín. Ara rẹ̀ gbóná. Ó yọ àpò tirẹ̀ léjìká, ti òun ti fèrè inú rẹ̀. Ó ní, "Awọ kan náà ni. Bàbá kan náà ló rán an. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kò sí àgbà kan tó ní kó dúró. Ẹ ò rí i pé àṣìṣe ọdẹ gan-an nìyẹn? Àgbẹ̀ kò lè ṣe é, ahunṣọ kò lè ṣe é. Wọ́n gbé àpò náà kọ́, wọ́n sun ìrèmọ̀jé lé e lórí títí ewé igbó fi dákẹ́, wọ́n ní kí ẹni tó ni àpò yìí máa lọ. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ẹni tó so okùn ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn títí wọn yóò fi délé. Ọdẹ́jìnmí ló so okùn. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó rí i bí ó ṣe ń bọ̀.

Ó délé, ó kí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Wọn kò bu oúnjẹ fún un. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé inú ló ń bí ìyá òun, ó sì tọ́ kó bí i. Nígbà tó jáde láàárọ̀, àwọn aládùúgbò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Ó ní ìtìjú ohun tí òun ṣe nìyẹn, ó tẹrí ba. Láti ọjọ́ náà ni Àbẹ̀ní kò ti jẹun mọ́ àfi omi. Àwọn obìnrin àdúgbò bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Àfi bí ọmọ mi bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún mi ní òkèlè." Ó ń rù lójú Ọdẹ́jìnmí, egungun èjìká rẹ̀ ti yọ, Ọdẹ́jìnmí kò sì lè rí ohun kan ṣe sí i.

Ìrọ̀lẹ́ kan ni ó gbọ́ fèrè lẹ́yìn ilé. Ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú. Irun orí rẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló ń pè mí!" Ó gbé ìbọn, ó dágbére fún ìyá rẹ̀ tó ń wo ojú ọ̀nà, ó sì tẹ̀ lé ìró náà. Bí yóò bá mú Ọdẹ́rìndé délé kí ẹ̀mí tó bọ́ lára ìyá wọn, àfi kó yára.

Ìró náà gbé e gba ẹ̀bá odò Wẹ̀mẹ̀ lọ sísàlẹ̀, títí odò fi gbòòrò tó di ọ̀sà. Ìlú kan wà níbẹ̀ tí kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Orí òpó ni gbogbo ilé dúró sí nínú omi, adìyẹ ń jẹ̀ lórí pákó, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ kí ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọjà wọn, inú ọkọ̀ ni. Obìnrin tó dé akẹtẹ̀ fẹ̀ǹgẹ̀ ń din àkàrà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, èéfín rẹ̀ ń lọ lójú omi. Àwọn ọkùnrin ìlú náà máa ń gé ẹ̀ka igi, wọ́n á rì í mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà títí yóò fi di igbó, ẹja á wá máa gbé inú rẹ̀, wọ́n á sanra síbẹ̀.

Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Hùnsù ń tún àwọ̀n ṣe létí omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gbé òkú ẹni tí omi bá gbé jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

Hùnsù kò gbé orí sókè. "Mo gbọ́ ohùn kan. Etí mi ti mọ irú rẹ̀. Ta ni?"

"Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ Ṣábẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá. Ṣé ó bá ibí kọjá?"

"Já àlọ́ yìí fún mi ná. Ilé kan wà, ẹ̀ka igi ni ògiri rẹ̀. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti mú òun. Kò sẹ́ni tó fà á wọlé, òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́."

Ọdẹ́jìnmí fi ìka na àwọn igi inú omi. "Igbó ẹja yín nìyẹn. Ẹja ló ń gbé inú rẹ̀. Ẹ fún mi ní èyí tó le."

"O gbọ́n o," ni Hùnsù wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n rẹ kò bá ibí kọjá. Gbogbo ẹni tó bá ti yà kúrò lára alààyè tó gba orí omi yìí ni mo ń gbọ́. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ, n kò gbọ́ ọ."

Inú Ọdẹ́jìnmí dùn dé ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n òun wà láàyè! Kò tilẹ̀ bìkítà nígbà tí bàbá náà bu omi ọ̀sà wọ́n ibi tí ó dúró sí, bí a ṣe ń wọ́n ẹnu ọ̀nà tí òkú gbà kọjá. Ó tẹ̀ ba láti mu omi. Ó rí òpó ilé nínú omi, ó rí ẹyẹ tó ń fò lókè, kò rí ojú ara rẹ̀. Ó ní omi náà ti dà rú, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Fèrè tún fọn. Ó tẹ̀ lé e dé ibi tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti tán pátápátá, níbi tí yanrìn tín-ínrín kan wà láàrin ọ̀sà àti òkun. Òkun ń bú lọ́tùn-ún, ọ̀sà dákẹ́ lósì. Àwọn obìnrin ń ha erùpẹ̀ oníyọ̀ létí ọ̀sà, wọ́n ń dà á sínú agbọ̀n, wọ́n ń da omi lé e, omi tó bá ro sílẹ̀ ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò títí yóò fi di iyọ̀ funfun. Ọ̀gá wọn ni Ìyá Dánsì. Èéfín ìkòkò iyọ̀ ti gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí kí wọn, tó béèrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọdẹ tó ń fọn ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ìyá yìí nìkan ló dáhùn. Àwọn yòókù bi í léèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Àlejò ni," ó dá wọn lóhùn. "Ẹ máa báṣẹ́ lọ." Ó bu iyọ̀ gbígbóná sọ́wọ́, ó nà án síwájú. "Tọ́ ọ wò, ọmọ mi."

Ọdẹ́jìnmí fi lé ahọ́n. Yanrìn ló rí lẹ́nu rẹ̀. Ó tu ú dà nù. "Ìyá, ẹ má bínú, iyọ̀ yín kò dùn."

Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ti ra iyọ̀ lọ́wọ́ Ìyá Dánsì, kò sẹ́ni tó wí bẹ́ẹ̀ rí. Kò bínú. Omi jáde lójú tí kò ríran mọ́. Ó di iyọ̀ díẹ̀ sínú ewé, ó fi okùn so ó.

"Àwọn tó ń gbé iyọ̀ wa lọ sókè sọ fún mi nípa ọdẹ arọ kan ní àwọn òkè Àtàkórà. Bó bá rí iyọ̀, á súfèé: ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú. Mú èyí lọ fún un. Bí ahọ́n rẹ̀ bá mọ̀ ọ́n ní iyọ̀, alààyè ni."

"Bí kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?"

Ìyá Dánsì yí ojú sí iná rẹ̀. "Ẹni tí iyọ̀ kò bá dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ọmọ mi, ilé kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n kò lè dé e."

Ọdẹ́jìnmí dúpẹ́, ó ń sáré. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ ti mọ̀, àbí? Mo ń rí ojú yín. Òun kò mọ̀. Ayọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dí i létí.

Ó gba àárín ìlú òkè yangí pupa kọjá, láàrin ọ̀pẹ tí àwọn obìnrin ti ń po epo, ó sì já sí igbó ẹrẹ̀ dúdú. Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn ín mọ ẹrẹ̀ yẹn: nígbà ọ̀dá, ó lanu, lójò, ó gbé bàtà, ó gbé màlúù. Iwin mẹ́ta ló ń ṣọ́ ọ. Ọ̀kan ga dé orí igi ìrókò, ọ̀kan kúrú bí ọlọ, ẹ̀kẹta kò ní ojú àfi etí. Iṣẹ́ wọn ni láti di ẹsẹ̀ ẹni tó ń kọjá mú lábẹ́ ẹrẹ̀ títí yóò fi sanwó ibodè pẹ̀lú igbe ẹkún. Ọdẹ́jìnmí ki ìbọn, ó ki ara rẹ̀:

"Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọmọ a-fọn-fèrè-kí-igbó-dáhùn! Ẹ lanu kí n fi ọta dí i!"

Ó ń rìn bọ̀ lórí ẹrẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rì. Ewé tó tẹ̀ kò dún. Ó fi í ṣe fáàrí, ó ní ẹrẹ̀ pàápàá mọ ẹni tí òun jẹ́.

Àwọn iwin wo ara wọn. Èyí tó ga tẹrí ba fún un. "Ẹ kú ìrìn," ó wí. "A kì í gba owó ibodè lọ́wọ́ ará ilé."

"Èmi kì í ṣe ará ilé yín!" Ọdẹ́jìnmí yìnbọn. Ìbọn kò dún. Èéfín nìkan ló jáde, tútù. Èyí tó kúrú rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó. Èyí tó ní etí nìkan súnmọ́ ọn, ó fi etí lé àyà rẹ̀. Ó tẹ́tí gan-an. Lẹ́yìn náà ó mi orí fún àwọn méjì tó kù, èyí tó ń rẹ́rìn-ín sì dákẹ́. Wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún un. Èmi tí ẹ rí yìí, bí iwin bá bá mi jà, n ó bá a jà. Èyí tó bá káàánú mi ni mo bẹ̀rù.

Láti ibẹ̀ ni ara rẹ̀ kò ti yá mọ́, ṣùgbọ́n kò dúró. Ó gba ilẹ̀ Bàrùbá kọjá, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gun ẹṣin láàrin oko òwú. Àwọn ẹṣin fa sẹ́yìn nígbà tó ń bọ̀, àwọn tó gùn wọ́n kò sì mọ ohun tó dé. Ó kọjá lára àwọn obìnrin Fúlàní tó ru igbá wàrà. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ eruku, gbogbo ènìyàn fi aṣọ bo ẹnu, ètè wọn ti là. Ètè tirẹ̀ kò là.

Ó dé àwọn òkè Àtàkórà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà méjì, ó ní ilé ìṣọ́ yíká. Ẹran ọ̀sìn ń sùn nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká bàbà wà lórí òrùlé pẹ̀lú ìdérí koríko. Ẹnu ọ̀nà kò ga, àfi kí ènìyàn tẹ̀ ba wọ̀ ọ́. Ní iwájú ẹnu ọ̀nà ni òkìtì amọ̀ wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òkú ilé náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń bu oúnjẹ sí fún wọn.

Ọkùnrin kan ń pa amọ̀ mọ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́. Ọdẹ́rìndé ni! Irun rẹ̀ ti funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni. Ọdẹ́jìnmí ké, "Ẹ̀gbọ́n mi!" Ó sáré, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Apá rẹ̀ kò mú ohun kan. Ọdẹ́rìndé kàn gbọ̀n, ó ní òtútù mú òun, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Ọdẹ́jìnmí tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó tì í, ó tì í, kò kọjá. Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàrin àwọn òkìtì, ó gbé ewé iyọ̀ lé orí ọ̀kan, ó fi ètè súfèé. Ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú.

Ọdẹ́rìndé jáde kíákíá. "Jìnmí? Jìnmí, níbo lo wà? Mo gbọ́ ọ, n kò rí ọ."

"Mo wà níwájú yín. Ewé kan wà lórí òkìtì yẹn. Ẹ tú u, ẹ tọ́ ọ wò."

Ọdẹ́rìndé tú ewé, ó fi ahọ́n kàn án. Ojú rẹ̀ tàn. "Iyọ̀ ni! Iyọ̀ etí òkun! Ó dùn!"

Nígbà náà ni Ọdẹ́jìnmí rántí yanrìn tó tu dà nù. Ó rántí omi tí kò ní ojú rẹ̀, ẹrẹ̀ tí kò gbé e, ìyá rẹ̀ tí kò dá a lóhùn. Fèrè tó ń pè é láti ẹ̀yìn ilé, tirẹ̀ tó gbé kọ́ sígbó ni, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ọdẹ́rìndé sọ fún un bí ẹfọ̀n ṣe ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀, bí Kuáàgù tó ni ilé yìí ṣe gbé òun, tó tọ́jú òun, tí òun kò sì lè rin ọ̀nà jíjìn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ yí padà.

"Jìnmí, mo mọ̀ pé wọn ò ní ṣàì ṣe ìṣípà fún mi. Kí ni wọ́n gbé kọ́?"

"Àpò."

"Àpò ta ni?"

"Tèmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Tòun ti fèrè inú rẹ̀."

Ọdẹ́rìndé bú sẹ́kún, ó fi amọ̀ ọwọ́ rẹ̀ bojú. Ó ní òun á lọ tú u sílẹ̀ lónìí. Kuáàgù tó ti ń gbọ́ láti orí òrùlé sọ̀kalẹ̀, ó sì mi orí. "Ikán á ti jẹ ẹ́," ó wí. "Orin ni wọ́n fi so ó, kò sí ọwọ́ tó lè tú u."

"Ẹ fi tèmi sílẹ̀," Ọdẹ́jìnmí wí. "Ìyá wa kò jẹun. Ọwọ́ yín ló ń dúró dè. Bí ẹsẹ̀ yín bá gbà á, ẹ dìde. N ó máa súfèé níwájú, ẹ máa tẹ̀ lé mi."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rin ilẹ̀ náà padà. Àwọn tó wà ní oko òwú rí arọ kan tó tẹ̀ lé ìró lásán, tó sì ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ ti yí. Ibi tí òkúta bá pọ̀, ìró náà á dúró dè é. Ibi tí omi bá wà, á pè é síbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kò rí sọ nígbà tí wọ́n jọ wà nílé ni wọ́n sọ lọ́nà yẹn, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àbẹ̀ní wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n dé. Ó ti rù kọjá ààlà. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa á lójú, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ́. Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ gún iyán, ó bu òkèlè, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi í sí i lẹ́nu. Àbẹ̀ní gbé e mì. Àdúgbò hó yè. Ọdẹ́jìnmí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó níbi tí ó máa ń dúró sí, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbàgbé pé òun kì í ṣe alààyè mọ́.

Ìyá náà di ọrùn ọwọ́ Ọdẹ́rìndé mú. "Àbúrò rẹ ńkọ́? Ó bá wọn lọ sí igbó ìṣípà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò padà wálé mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì ni mo ń fi ebi pe. Wọ́n ní mo bínú sí i. N kò bínú sí i rí. Oúnjẹ rẹ̀ ni mo gbé kaná tí mo ń wo ọ̀nà."

Lẹ́yìn ilé ni ìsúfèé náà ti dún, ẹ̀ẹ̀kan gígùn, ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, kò sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ni Ọdẹ́rìndé sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti iyọ̀.

Àbẹ̀ní kò ké. Ó dìde, òun tí kò lè dìde láàárọ̀. Ó wo ìkòkò. "Iyọ̀ ti wọ èyí," ó wí. "Ẹ gbé òmíràn kaná fún mi." Ó se ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ó bù ú sí abọ́, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé, ó jókòó tì í. Ó ní, "Jìnmí, oúnjẹ rẹ rèé. Káàbọ̀, ọmọ mi." Ó wá ń ròyìn gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún un, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn ọdẹ Ṣábẹ kò ṣe ìṣípà láìrí òkú mọ́ láti ìgbà náà. Ìran Ọdẹ́rìndé arọ ni mo ti ṣẹ̀ wá. Nínú ilé wa, kí iyọ̀ tó wọ ìkòkò, à máa ń bu abọ́ kan sọ́tọ̀. Ìyá mi ṣe é, ìyàwó mi náà sì ti bù ú nírọ̀lẹ́ yìí kí ẹ tó dé. Ó wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀nà ibẹ̀ náà ni ẹ ó gbà bí ẹ bá ń lọ sílé. Ẹ má sáré, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi rí. Ẹ kàn kí i, kí ẹ sì pè é ní orúkọ rẹ̀, nítorí ó pẹ́ tó ti kí ènìyàn kẹ́yìn tí wọ́n dá a lóhùn.